Ohun Tó Wà Lábẹ́ "A Dúpẹ́": Ìdààmú Ọkàn àti Iṣẹ́ Abẹ Ọ̀pá Ẹ̀yìn



Bí Yorùbá bá dé iwájú dókítà, ìkíni ló máa ń kọ́kọ́ wáyé. Dókítà á ní, "Bàbá, ara ń kọ́?" Bàbá tó fi ọ̀pá rìn wọlé, tí kò fojú kan oorun láti ìjẹta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ń ta á bí ẹni fi ata pa á, á sì dáhùn pé, "A dúpẹ́ o, dókítà. Ara ń le." Kò purọ́. Ọmọlúàbí kì í da ẹrù ìbànújẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni tí kò tíì bá a jẹun rí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ ṣe fún bàbá yìí, ohun kan wà lábẹ́ "a dúpẹ́" yẹn tí kò sí ẹ̀rọ tó lè ya àwòrán rẹ̀, ohun náà sì lè sọ bí bàbá yóò ṣe rí ní ọdún kan sí i.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń fi ojú rere bo inú. Lọ́dún 2010, Michael Daubs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Utah, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí 400 aláìsàn tí ọ̀pá ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu. Olúkúlùkù wọn dáhùn ìwé ìbéèrè nípa bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Àwọn dókítà kò rí ìdáhùn náà. Ojú àti ìrírí tiwọn ni wọ́n ní kí wọ́n fi ṣe ìdájọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìwé, ẹni 254 ni ìdààmú ọkàn wà lára wọn, ti àwọn kan fúyẹ́, ti àwọn kan wúwo. Àwọn tí tiwọn wúwo gan-an jẹ́ 87. Nínú 87 yìí, ẹni 25 péré ni dókítà fojú dá mọ̀.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ gan-an ló gbẹ́yìn nínú ìdánwò náà. Bí ẹni mẹ́wàá tí ìdààmú wọn wúwo bá jókòó níwájú wọn, nǹkan bíi méjì ni wọ́n ń rí. Àwọn dókítà ẹ̀yìn tí kì í fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ ń rí nǹkan bíi mẹ́rin. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní Utah, ojú wo ojú, kò rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

Olùgbọ́ lè béèrè pé kí ló kan ẹni tó ń tún eegun ṣe nínú ẹkún tí aláìsàn ń sun lóru. Ó kàn án púpọ̀. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí ìfòyà bá bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ìrora rẹ̀ sábà máa ń pẹ́ kó tó lọ, ó máa ń lo oògùn apàrora ju ẹlòmíì lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kódà bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà bá ka iṣẹ́ rẹ̀ sí aláṣeyọrí. Ní ìlú Kuopio, ní Finland, Sanna Sinikallio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà tí ihò inú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti fún mọ́ iṣan, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láti là á. Nígbà tí ọdún kan pé, àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti bá wọn dé orí tábìlì, tí kò sì tíì fi wọ́n sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ni wọn ò jèrè iṣẹ́ abẹ náà tó bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó kúrò lọ́nà kí ètò yìí tó tẹ̀ síwájú. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé irọ́ ni ìrora. Bí dókítà bá bi aláìsàn léèrè nípa ọkàn rẹ̀, ọ̀pọ̀ á gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú, tàbí pé ó ń díbọ́n. Inú á bí i, á sì bínú jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ìrora gbogbo, títí kan ti ẹni tí ọ̀kadà gbá, inú ọpọlọ ló ti ń di ìrora. Ẹsẹ̀ ló fara gbá a, ọpọlọ ló ń sọ bó ṣe máa dùn tó. Bí ọpọlọ bá wà nínú ẹ̀rù, ohùn ìrora á ròkè. Bó bá balẹ̀, á rẹlẹ̀.

Àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ MRI ń yà gan-an jẹ́rìí sí i pé ìrora kì í ṣe ọ̀rọ̀ eegun nìkan. Àwọn ará ilé wa fẹ́ràn fọ́tò: ẹlòmíì ti gbé àpò ìwé ńlá tí síkáànù wà nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà mẹ́ta, wòlíì méjì àti babaláwo kan, bí ẹni gbé ìwé ilẹ̀. Lọ́dún 1994, Maureen Jensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ya àwòrán ẹ̀yìn àwọn ẹni 98 kan tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Láàrin eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, tìmùtìmù rírọ̀ kan wà tí a ń pè ní dísìkì. Nínú àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá yìí, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni dísìkì wọn ti wú jáde níbì kan, ó kéré tán. Àwọn tí gbogbo dísìkì wọn rí bó ṣe yẹ kò ju ìdá 36 lọ. Nígbà tó di 2015, Waleed Brinjikji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 33 pọ̀, tí àwọn tó wà nínú wọn jẹ́ 3,110, tí kò sí ìrora lára ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àmì gbígbó dísìkì wà lára ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ogún ọdún. Lára àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, ó di ìdá 96. Ewú ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Ó ń hù lórí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ó ń hù lórí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀yìn.

Nítorí náà, ẹni méjì lè gbé fọ́tò tó jọra wá, kí dókítà kan náà ṣe iṣẹ́ abẹ kan náà fún wọn lọ́sẹ̀ kan náà, kí ọ̀kan padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lóṣù kẹta, kí èkejì sì wà lórí ibùsùn lóṣù kẹsàn-án. Bí a bá wá ìyàtọ̀ náà nínú eegun nìkan, a ò ní rí i.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tílàǹdì ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di irinṣẹ́ tí dókítà lè fi síbi tábìlì. Chris Main jẹ́ onímọ̀ ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá. Gordon Waddell jẹ́ oníṣẹ́ abẹ eegun ní Glasgow. Lọ́dún 1992, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn pa ìwé ìbéèrè méjì pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ àtúnṣe ìwé ìbéèrè tí William Zung, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, ti gbé jáde lọ́dún 1965 láti fi wọn ìrẹ̀wẹ̀sì. Èkejì kò béèrè nípa ìbànújẹ́ rárá. Ohun tó ń béèrè ni pé: ṣé àyà ń lù kìkì? Ṣé òógùn ń bò ọ́? Ṣé ẹnu ń gbẹ, inú ń ru, ẹsẹ̀ ń rọ, orí ń fò lọ?

Ibí yìí ló yẹ kí Yorùbá dúró sí dáadáa. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìyá àgbà kan jókòó síwájú dókítà, kó ní ìrẹ̀wẹ̀sì bá òun. Ohun tó máa sọ ni pé àyà òun ń já, ooru ń mú òun lára, nǹkan kan ń rìn lórí òun, oorun ò kun ojú òun, oúnjẹ ò lọ lọ́fun, ara òun wúwo bí ẹni gbé òkúta. Ara ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ ọkàn. Ìwé ìbéèrè Main, tí wọ́n kọ fún àwọn aláìsàn òyìnbó, dà bí ẹni pé ìyá oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba ló bá wọn dá a. Dókítà tó bá gbọ́ "àyà mi ń já", tó sì rán ìyá lọ ya àwòrán ọkàn-àyà, tí kò bi í léèrè bí ilé ti rí, ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ìwé náà ń pín àwọn aláìsàn sí: àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀, àwọn tó wà létí ewu, àwọn tí ìdààmú wọn yọ bí ìrẹ̀wẹ̀sì, àti àwọn tí tiwọn ń gba inú ara jáde. Main àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ẹni tó bá bọ́ sí ẹgbẹ́ onídààmú, ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ni ewu pé ìtọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní yọrí sí rere.

Wọ́n ti yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò nílẹ̀ wa náà. Zigmond àti Snaith, àwọn dókítà ọpọlọ méjì ní Leeds, ṣe ìwé ìbéèrè kan lọ́dún 1983 fún àwọn tó wà lórí àìsàn nílé ìwòsàn, ìbéèrè 14 péré. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fo ọ̀rọ̀ àìróorunsùn àti àìlèjẹun, torí pé àìsàn lásán lè fa ìyẹn. Lọ́dún 1994, O. A. Abiodun ti Yunifásítì Ìlọrin gbé àbájáde rẹ̀ jáde pé òun ti dán ìwé náà wò láàrin àwọn aláìsàn àti àwọn ará ìlú ní Nàìjíríà, ó sì ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ènìyàn fi ń dáhùn rẹ̀. Ó yani lẹ́nu bí ó ṣe ṣòro tó láti bá a pàdé lórí tábìlì ibi tí wọ́n ti ń múra aláìsàn sílẹ̀ fún ọ̀bẹ, nígbà tí kò sẹ́ni tó máa gbàgbé láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọ̀nà wo wá ni ọkàn ń gbà dé inú eegun? Ọ̀nà kan gba inú ẹ̀jẹ̀. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó obìnrin 13 jọ lọ́dún 1995, àwọn tó ń tọ́jú ìbátan wọn tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó mú, iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi tọ̀sán tòru. Wọ́n fi obìnrin 13 mìíràn, ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ orí, ti wọ́n. Wọ́n gé awọ díẹ̀, bíi ojú abẹ́rẹ́ ńlá, ní apá olúkúlùkù, wọ́n sì ń wo bó ṣe ń san. Ojú ọgbẹ́ àwọn olùtọ́jú fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín 11. Wọ́n gé òkè ẹnu wọn lẹ́ẹ̀kan nígbà ìsinmi, lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe ìdánwò. Ọgbẹ́ ìgbà ìdánwò fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ jù, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí tirẹ̀ yá bíi ti ìgbà ìsinmi. Ọgbẹ́ kékeré ni ìwọ̀nyí, kì í ṣe ẹ̀yìn tí wọ́n là. Ṣùgbọ́n ara kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì ń gbé àwọn tó ń tún ọgbẹ́ ṣe kiri. Bí ìdààmú bá pọ̀, omi ara tí wọ́n ń pè ní cortisol á ga, á sì fa ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yìí sẹ́yìn.

Ọ̀nà kejì ló gbòòrò jù, ẹ̀rù ni. Lọ́dún 2000, Johan Vlaeyen àti Steven Linton kọ àkójọpọ̀ ńlá kan lórí bí ẹ̀rù ṣe ń sọ ìrora ọ̀sẹ̀ díẹ̀ di ti ọdún gbọọrọ. Ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti mú nǹkan, ẹ̀yìn rẹ̀ ta á. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé eegun òun ti yẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Iṣan ẹ̀yìn tí a kò lò á rọ, á joro. Bó bá ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, á dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun náà á sì ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo wí bẹ́ẹ̀." Ẹ̀rù ti rí ẹlẹ́rìí.

Nínú agbo ilé Yorùbá, ẹ̀rù yìí tún ní olùrànlọ́wọ́, ìfẹ́ sì ni orúkọ rẹ̀. Ká ní ìyá kan tó ń ta aṣọ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn, tó sì padà délé. Ó fẹ́ mú ife omi. Ọmọ á sáré já a gbà. Ó fẹ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó ilé á ní, "Màámi, ẹ jókòó, ẹ má pa ara yín." Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, gbogbo ilé á pariwo. Bó bá jẹ́ mùsùlùmí, wọ́n á gbé àga sí ojú ìrun rẹ̀, àga náà á sì di ti títí láé. Dókítà ní kó má gbé ẹrù tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òótọ́ ni. Èèwọ̀ wà fún ìgbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ dókítà máa ń parí, ti ilé kì í parí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá ṣì ń bẹ lórí àga, wọ́n ṣì ń bá a pọn omi, wọ́n ń ṣàánú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti rọ gan-an wàyí. Kò sí ẹni tó ṣe é níbi. Àwọn onífísíò, tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, mọ irú ilé yìí. Wọ́n á ní ìgbà mìíràn, aláìsàn ò lágídí tó àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀rù ni èrò "ó ti tán fún mi". Michael Sullivan, ní Halifax lórílẹ̀-èdè Kánádà, ṣe ìwé kan tó ní ìbéèrè 13 lórí rẹ̀ lọ́dún 1995: ṣé ẹni tí ara ń ro máa ń rò pé kò ní lọ mọ́ láé, ṣé kò lè gbé ọkàn kúrò lórí rẹ̀, ṣé ó ń retí kí aburú mìíràn dé? Ó yé ènìyàn ìdí tí èrò bẹ́ẹ̀ fi wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa nípa ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan ti ń rìn láti ẹnu dé ẹnu pé ẹni tí wọ́n bá la ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ní ewu tirẹ̀, dókítà tó bá ní kò sí ewu kankan ń tan ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ìtàn náà ń tọ́ka sí, iṣan wọn ti bàjẹ́ tán kí wọ́n tó dé orí tábìlì, torí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọdún kan mu àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí, tí wọ́n fi ọdún kejì fi òróró pa á.

Owó tún wà níbẹ̀. Irin àti ìdè tí wọ́n ń fi so eegun pọ̀, àpò aláìsàn ló sábà ń sanwó rẹ̀. Òfin tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà jáde lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń ta ilẹ̀, wọ́n ń kó èsúsú, wọ́n ń dáwó láàrin ẹbí. Ẹni tó ń ronú lórí tábìlì pé ilẹ̀ bàbá òun ti lọ nítorí ẹ̀yìn òun, ọ̀tọ̀ ni ẹrù tó wà láyà rẹ̀. Bí ara rẹ̀ kò bá tíì yá lóṣù kejì, kì í lè sọ ọ́ jáde. Ta ló máa dójú ti àwọn tó dáwó? Á ní, "A dúpẹ́."

Kí ni wọ́n lè ṣe sí i? Ìdáhùn tó dára jù kò wá láti inú oògùn. Ní Yunifásítì Vanderbilt ní Nashville, Kristin Archer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan 86 aláìsàn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún, tí ẹ̀rù rírìn àti bíbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lára wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n pín wọn sí méjì. Ẹgbẹ́ kan gba ẹ̀kọ́ lórí ìlera. Ẹgbẹ́ kejì bá onífísíò tí wọ́n ti kọ́ ní ìmọ̀ ìrònú sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ìgbà àkọ́kọ́ lójúkojú, èyí tó kù lórí fóònù. Wọ́n jọ ń to ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù láti orí èyí tó kéré dé èyí tó tóbi, wọ́n ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yẹ èrò "ó ti tán" wò bóyá òótọ́ ni. Ní oṣù kẹta, bí wọ́n ṣe tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, ìrora ẹgbẹ́ kejì dínkù ju ti èkínní lọ, iṣẹ́ ojoojúmọ́ sì rọrùn fún wọn jù. Fóònù ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Ìgbẹ́tì tí onífísíò rẹ̀ wà n'Íbàdàn á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń so èso bí wọ́n ṣe rò. Ní Denmark, Nanna Rolving àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn kan nínú 90 tí wọ́n fẹ́ so eegun ẹ̀yìn wọn pọ̀ ní irú ìmọ̀ràn yìí kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní oṣù kẹta, àwọn tó gbà á ti ṣáájú. Nígbà tí ọdún kan pé, gẹ́gẹ́ bí àbájáde tí wọ́n kọ lọ́dún 2015, àwọn tí kò gbà á ti bá wọn. Adriaan Louw, onífísíò kan, kọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti tú iṣan wọn tó há sílẹ̀ nípa bí ìrora ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Lẹ́yìn ọdún kan, ìrora tiwọn àti ti àwọn yòókù dọ́gba. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ná sórí ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún kéré, torí pé nígbà tí ara ta wọ́n, wọn ò sá padà sílé ìwòsàn bí ẹni tí ilé ń jó. Wọ́n mọ ohun tó ń dún. Ẹni tó bá ti ta ilẹ̀ lè sọ bóyá ìdá 45 kéré.

Ní ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣe àjèjì. Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dé ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn lọ́dún 1962 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbòbí l'Ékòó ti ń tún eegun ṣe láti ìgbà ogun àgbáyé kejì. Ọ̀bẹ wà, ọwọ́ wà. Ohun kan tún wà tí àwọn ará Utah lè jowú rẹ̀: ẹbí tó ń sùn sábẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lámbò kò yọ ẹbí kúrò nínú ìtọ́jú ọpọlọ. Ó ní kí aláìsàn mú ìbátan rẹ̀ dání wá, kí wọ́n jọ máa gbé lábúlé ìtòsí, ìbátan náà á sì máa dáná fún un, á máa mú un wá gba ìtọ́jú. Ìlànà yẹn gba orúkọ káàkiri àgbáyé. Onífísíò tó bá pe àwọn ọmọ ìyá aláṣọ yẹn jókòó, tó fi hàn wọ́n ọjọ́ tí ìyá lè bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó lè gbé garawa, ọ̀nà Lámbò ló tọ̀.

Àṣìṣe kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ yìí ṣe. Kò yẹ kí dókítà sọ pé, "Ìrẹ̀wẹ̀sì wà lára yín, a ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ." Àwọn onírẹ̀wẹ̀sì náà ń jèrè iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í gòkè tó àwọn yòókù. Fún ọ̀pọ̀ wọn, ìrora gan-an ló bí ìrẹ̀wẹ̀sì, bí ọ̀kan bá lọ èkejì á tẹ̀ lé e. Ẹni tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti ń bọ́ mọ́ lára láìmọ̀, tí abẹ́ rẹ̀ ti kú, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò ní àyè láti dúró dáhùn ìwé ìbéèrè. Ilé ìwòsàn ńlá ló yẹ kó wà lóru ọjọ́ náà. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù, àyè wà láti béèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti wà ní Yorùbá. Lọ́dún 2017, Chidozie Mbada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀dà Yorùbá ìwé ìbéèrè Roland àti Morris jáde, gbólóhùn 24 nípa ohun tí ẹ̀yìn dídùn ń ṣe sí ọjọ́ ènìyàn. Púpọ̀ nínú wọn dá lórí dídìde, wíwọ ìbọ̀sẹ̀, gígun àkàbà, sísùn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò kan eegun: ṣé nítorí ẹ̀yìn yìí, ẹni náà ń kanra mọ́ àwọn tó yí i ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Bí bàbá tó fi ọ̀pá rìn wọlé, tí a fi bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, bá dé orí gbólóhùn náà, á wo dókítà, á rẹ́rìn-ín, á ní rárá o, a dúpẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìyá ilé ló bá a wá, ẹ wo ojú ìyá ilé.